OBA WO AJA: Ohun Tí Òjò Kò Jẹ́ Kí Iléṣà Rí

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ilé, ẹ kú òjò, ẹ kú iná tí kò sí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Òṣogbo, ìlú òkèèrè tí mo wá ṣe àtìpó sí, níbi tí wọ́n ti ń pe ulé ní ilé. Mo kí Fúnmi, àbúrò mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sókè, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má fi tirẹ̀ kún un. Mo kí gbogbo ẹ̀yin ìyá wa nínú Ẹgbẹ́ Aládùúrà tí ẹ jókòó yí Màámi ká nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yìí, pàápàá Màmá Dórù, tí mo mọ̀ pé wọ́n ti mú awò ojú wọn dání kí wọ́n lè yẹ lẹ́tà náà wò fúnra wọn. Ẹ kú ìjókòó, mà.

Màámi, ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé lẹ́tà yìí síta fún gbogbo ayé. Nígbà tí mo pè yín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọba Adélagun, ẹ pariwo mọ́ mi lórí fóònù pé kí n pa ẹnu mi dé. Ẹ ní bí ẹ bá gbọ́ ọ ṣáájú àwọn yòókù, wọn yóò ní èmi àti ẹ̀yin ti jọ dìmọ̀. Ẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n gbé e síbi tí olúkúlùkù ti lè rí i, kí n sì fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Mo ti fi àmì sí i lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù títí ìka fi ń dùn mí. Mo gbọ́ pé Fúnmi náà ti búra pé òun kò ní ṣí wasáàpù títí di Ọjọ́rú, kó má baà rí i níbẹ̀. Ìyẹn nìkan tó ẹ̀rí ìyanu.

Ẹni tó bá ń ka èyí tí kì í ṣe ará ilé wa lè máa béèrè pé ta ni Ọba Adélagun. Kì í ṣe ẹbí wa. Òun ni ọba inú Ìtẹ́ Inú Kùrukùru, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n mú jáde láti inú ìwé ìtàn kan tí Màámi kà nígbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́. Ìlú ọba náà wà nínú kùrukùru láti ọdún dé ọdún. Ọba lè yọ ẹ̀mí rẹ̀ kúrò nínú ara kó fi wọ inú ẹranko. Gbogbo wa la rí i lọ́jọ́ tó wọ inú òwìwí láti lọ gbọ́ ohun tí Ọ̀tún rẹ̀ ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí apá kìíní fẹ́ parí, Ọ̀tún yìí ti ọba mọ́ inú yàrá kan. Wọ́n padà wá já ilẹ̀kùn: kò sí ọba, kò sí òkú. Adé nìkan ló wà nílẹ̀, àti Tanímọ̀la, ajá ọba, tó jókòó ti adé bí ẹni tó ń bá èèyàn ṣọ́ ẹrù ní ìdíkọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n pa eré dé sí tí wọ́n ní ká máa retí apá kejì. Ìwé náà kò ràn wá lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an lòun náà parí sí. Ẹni tó kọ ọ́ kò kọ òmíràn mọ́.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ ọba inú tẹlifíṣọ̀n ṣe dé inú ìjọ? Nínú ẹgbẹ́ yín, ẹni tó bá ní èèyàn tó wà nínú wàhálà máa ń dìde dárúkọ rẹ̀, àwọn yòókù á sì bá a gbàdúrà. Màámi, ẹ dìde, ẹ ní Adélagun ni, wọ́n tì í mọ́lé, àwọn tó sún mọ́ ọn jù ló fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ kò purọ́. Ẹ kò kàn sọ gbogbo rẹ̀ tán ni. Àwọn ìyá rò pé ọmọ ẹbí yín kan ni, ní apá Iwaraja. Wọ́n gbààwẹ̀. Mo gbọ́ pé Màmá Dórù sunkún débi tí ohùn wọn fi há. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n bi Fúnmi pé báwo ni Adélagun ṣe ń ṣe sí, Fúnmi sì dá wọn lóhùn tọkàntọkàn pé a kò lè mọ̀, àfi tí apá kejì bá jáde.

Láti ọjọ́ yẹn ni oyè Ìyá Ẹgbẹ́, tó yẹ kí wọ́n fi yín jẹ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, ti ń mì. Màmá Dórù ní ẹni tó mú àwọn gbààwẹ̀ fún òṣèré kò lè ṣáájú àwọn. Ẹ̀yin náà kò tọrọ gáfárà. Ẹ ní ẹ ti bẹ Ọlọ́run kó má kú, kò sì ní í kú. Ni àwọn ìyá bá fẹnu kò: bí ọba bá yè nínú apá kejì, a jẹ́ pé àdúrà gbà, kí ẹ joyè, bó bá kú, kí ẹ máa jókòó sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni oyè ìyá mi ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń fi eré jẹun.

Ní oṣù tó kọjá, àwọn aláṣe eré náà gbé àwòrán kan jáde láti fi polówó apá kejì. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà funfun gàdàgbà-gàdàgbà wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: OBA WO AJA. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Mo rò pé kùrukùru ni wọ́n ti ná owó àmì lé lórí. Láti ọjọ́ náà ni Òṣogbo kò ti fara rọ.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba iṣẹ́ mi díẹ̀, torí ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní pólì ṣì wà nínú báàgì, ó ń sinmi. Èmi ni kò sinmi. Ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji Ràṣídì, ọ̀gá mi, a máa ń gbé díìsì kọ́ sórí òrùlé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, a ó sì fa wáyà gba inú àjà wọn dé ìdí tẹlifíṣọ̀n. Páànù Òṣogbo lọ́sàn-án, bí ẹ bá fọ́ ẹyin sí i, kí ẹ tètè wá ṣíbí. Inú àjà wá dà bí inú ààrò, àfi pé ààrò kò ní eku. Owó oṣù ń wọlé déédéé, ó kàn mọ ọ̀nà àbájáde jù mí lọ ni. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pè mí, tí mo fi fóònù sọ́wọ́ Alhaji kó má baà já bọ́ lọ́wọ́ mi lókè. Alhaji gbé e, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún yín pé ọmọ yín ti wọ àjà, kí ẹ pè padà tó bá ṣe díẹ̀. Ó ní ńṣe lẹ bi òun pé ìgbà wo ni Dáre jọba.

Nítorí náà, nígbà tí àwòrán yẹn jáde, èrò tèmi ni pé ọba wọ àjà bí èmi ṣe ń wọ ọ́. Ó gun òkè, ó fara pa mọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé ẹni tó bá ti wọ àjà ti kú. Mo máa ń wọ̀ ọ́ ní àràárọ̀, mo sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun.

Alhaji kò gbà. Ó ní ọba kì í kú, ọba máa ń wàjà ni, ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ mọ ìyẹn. Ó ní ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà yìí lẹ fẹ́ ba Yorùbá jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo ní Alhaji, ní ulé wa n'Íléṣà, inú àjà ni bàbá bàbá mi ń kó àgbàdo sí, àgbàdo náà kò kú. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ilé kí n tó wá bá òun jiyàn. Oníbàárà wa kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè láyé ọjọ́sí, ní àwa méjèèjì la ṣì í. Ó ní wọ́n gbàgbé a kan ni, ààjà ni wọ́n fẹ́ kọ, ìjì líle ló gbé ọba lọ. Ẹlòmíràn ní ọba wọ́ ajá, pé ó so okùn mọ́ ajá lọ́rùn, ó sì fà á gba ojú fèrèsé jáde. Gbogbo ọ̀sán la fi jíròrò bí ọba ṣe máa wọ́ ajá jáde kúrò nínú yàrá tí gbogbo wa ti rí ajá tó ṣì jókòó síbẹ̀.

Orí wasáàpù tún le ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Ọkùnrin kan ní òun mọ awakọ̀ tó gbé òṣèré tó ṣe ọba, pé awakọ̀ náà ní òṣèré ọ̀hún ti fá irùngbọ̀n. Àwọn tó ní ọba ti kú yọ ayọ̀ ńlá, wọ́n ní ọba tó ti fá irùngbọ̀n kò padà wá sórí ìtẹ́ mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, obìnrin kan ní òun rí òṣèré kan náà níbi tó ti ń ra ìyarun kékeré tí wọ́n fi ń ya irùngbọ̀n. Ìbànújẹ́ dé bá wọn. Èmi náà bá wọn jiyàn lórí ìyarun títí bátìrì mi fi kú. Ó kú o, kò wàjà.

Fúnmi ní tirẹ̀ gbà pé ọba wọ ajá, pé inú Tanímọ̀la ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ó ti ń kúnlẹ̀ kí ajá àwọn aládùúgbò, pé bí èyíkéyìí bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́, á ní Kábíyèsí. Fúnmi, ẹran tó wà lọ́wọ́ rẹ ni Kábíyèsí ń wò.

Màámi, ẹ̀yin nìkan lẹ kò rí ohun tó le níbẹ̀. Nígbà tí Fúnmi gbé fóònù sí yín lójú, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ní ọba wo ajá, ó ń wo ajá ni, kí ló wá di ariwo? A rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù jìnnà sẹ́nu kí n lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Mo bi yín pé ta ló ń fi ọba tó ń wo ajá polówó eré ńlá. Ẹ ní ẹ kò mọ̀, ohun tí wọ́n kọ lẹ kà.

Yàrá tí mo ń gbé níbí ní fèrèsé kan, fèrèsé náà sì kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀bù ní òpin ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tí mo lè bá sọ Ìjẹ̀ṣà, ni mo bá máa ń sọ ọ́ fún ara mi kó má baà sá lọ. Ọ̀kan nínú irú àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo bi yín lórí fóònù pé kí ló dé tí ẹ fi ń fi oyè yín wewu nítorí ọba tí kò sí. Ẹ wá ní wọ́n ti èèyàn mọ́ inú yàrá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀, kíá, gbogbo ayé ti ní ó ti kú. Ẹ ní èmi náà ńkọ́, ṣebí inú yàrá kan ni mo wà ní Òṣogbo tí ẹ kò rí mi, ṣé kí ẹ máa sọ pé mo ti kú ni? Ẹ ní ẹ máa ń da orúkọ mi àti orúkọ ọba pọ̀ nínú àdúrà ni, kí ẹ lè tètè ṣe tán.

Ó dọjọ́ Ìsinmi tí apá kejì bẹ̀rẹ̀. Fúnmi ti pè pé òjò ti dé Iléṣà, pé iná sì ti lọ. Ní Òṣogbo, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Alhaji gbé tẹlifíṣọ̀n tó tóbi jù jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó to bẹ́ǹṣì. Àwọn alájá, àwọn tó ní ọba wọ inú ajá, jókòó lápá òsì, àwọn tó gbà pé ọba ti wàjà jókòó lápá ọ̀tún, ẹnikẹ́ni kò sì fún ẹ̀gbẹ́ kejì ní ẹ̀pà. Èmi nìkan ni mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ní ó fara pa mọ́ sínú àjà. Mo jókòó sórí àkàbà tí a fi ń ṣiṣẹ́.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún ti wà lórí ìtẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀. Wọ́n ta aṣọ funfun bo adé. Akígbe jáde sí gbàgede, ó figbe ta pé ọba wàjà o! Gbogbo ìlú ṣí fìlà. Alhaji fò dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun sọ ọ́, òun sọ ọ́, ó ní kí àwọn alájá gbé ajá wọn kí wọ́n máa lọ sílé. Kì í ṣe ọba ni mo rò. Màámi, bí ẹ ó ṣe gbé àpótí ìjókòó yín lọ sẹ́yìn nínú ìjọ ni mo rò.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ tẹ́tí sí mi níbí. Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ni Màmá Dórù rí nílé wọn n'Íléṣà, níbi tí wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀. Wọ́n rí aṣọ funfun, wọ́n gbọ́ akígbe, wọn kò purọ́ rárá. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló sọ fún Fúnmi pé lẹ́yìn akígbe ni àwòrán dì gbagidi, tí wọ́n rí i kà pé kò sí sígínà. Òjò ni. Bí òjò ńlá bá dúró sáàárín díìsì àti ojú ọ̀run, àwòrán kò lè kọjá, èmi tí mo ń fi í ṣiṣẹ́ náà kò lè fi ọwọ́ fà á. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì gbé òkú ọba wá sílé àdúrà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Eré kò tíì dé ìdajì.

Ohun tí òjò kò jẹ́ kí ẹ rí nìyí.

Tanímọ̀la dìde. Kò ya ọ̀dọ̀ adé. Ó gba àárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ kọjá, ó padà sínú yàrá tí wọ́n ti ti ọba mọ́lé. Àwọn alájá bẹ̀rẹ̀ sí í na ara wọn lẹ́yìn, wọ́n ní ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ajá jókòó. Ajá la ẹnu. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́, àfi jẹnẹrétọ̀. Ajá yán. Ó yán tán, ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó gbé orí sókè. Nǹkan kan já bọ́ láti òkè, ó bà lé e nímú. Èèpo àgbàdo! Màámi, èèpo àgbàdo ni! Mo ti kígbe kí n tó mọ̀, ó sì ku díẹ̀ kí n ré bọ́ lórí àkàbà. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀díẹ̀, ó ń gba ara ògiri, ó dé igi àjà. Ojú méjì ń tàn nínú òkùnkùn. Irùngbọ̀n wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fá, èèpo àgbàdo kún un bámúbámú. Ọba Adélagun ló fi àyà lélẹ̀ lórí igi àjà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọba ń wo ilẹ̀, ajá ń wo òkè. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù. Ọba fi ìka lé ètè pé kó má gbó, ajá kò sì gbó. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú, ọ̀rọ̀ mẹ́ta sì jáde, wọ́n fi àmì sí i lọ́tẹ̀ yìí: ỌBA WO AJÁ.

Alhaji ló kọ́kọ́ kà á sókè. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó yíjú sí mi, ó ní ta ló wí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí tí mo sọ fún òun tí a jọ rẹ́rìn-ín? Mo ní ìyá mi ni. Ó ní ṣé ìyá tó ní ìgbà wo lo jọba? Mo ní àwọn náà ni. Ni ṣọ́ọ̀bù bá gbiná ẹ̀rín. Àwọn ọ̀tá dìmọ́ ara wọn, ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láti òsì sí ọ̀tún, ọmọ rélùwéè náà sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ìjì ló kọ́kọ́ gbé ọba dé òkè yẹn. Alhaji ní kí n bá òun kí yín. Ó ní láti kékeré lòun ti ń ka Yorùbá, òun kò mọ̀ pé kò le tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, mo jẹ́rìí níwájú gbogbo ayé tó ń ka èyí: Ọba Adélagun wà láàyè. Ẹ gbààwẹ̀ fún ẹni tí kò sí, ẹni tí kò sí náà kò sì kú. N kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú àdúrà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà. Ẹ̀yin náà lẹ ṣe àdéhùn, mo fi ìyókù sílẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ dìde dúpẹ́, kí Màmá Dórù kọ́kọ́ dìde. Àwọn ló sunkún jù. Ohùn wọn ni mo rò pé ọba gbọ́ lókè níbẹ̀ tí kò fi sọ̀rètí nù.

Màmá Dórù, mo ń bọ̀ ní Sátidé, kó tó di ìwúyè. N ó gun òrùlé yín, n ó tún díìsì náà kọjú síbi tó yẹ, n kò sì ní gba kọ́bọ̀. N kò lè ṣèlérí fún yín nípa òjò. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi lásìkò náà, ẹ dákun, ẹ ní mo wà lórí òrùlé. Ẹ má ní mo ti wọ àjà. Màámi ti gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ó tó wọn.

Màámi, bí mo bá ti wọ ọkọ̀, n ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Fóònù mi kò ní àmì, nítorí náà ohun tí ẹ ó rí ni MO N BO. Alhaji lè ní òrìṣà kan ni mo ń bọ. Fúnmi lè ní ọsàn ni mo ń bó. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ kà á bí ẹ ṣe máa ń kà á, kí ẹ sì gbé iṣu kaná.

Kí oyè náà mọ́ yín lórí, kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀, kí ohùn yín má há níbi tí ẹ bá ti ń dárúkọ wa. Ọlọ́run á dá gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá àjèjì padà sílé láyọ̀. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará ìjọ, àti àwọn ajá àdúgbò tí Fúnmi ti fi joyè.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ kò rí, tó sì wà láàyè,
Olúdáre.